Owó Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Ìṣẹ́gun Àjọni: Ìdí Tí Ẹgbẹ́ Fi Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà Nínú Dota 2

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá síbí lónìí dá lórí géèmù kan tí ẹni márùn-ún ti máa ń dojú kọ ẹni márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dota 2 ni wọ́n ń pè é. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ti ọmọ tó ń gbá a yóò ti gbọ́ bó ṣe ń pariwo, yóò sì ti ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọ̀tá ló ń bú. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ló ń bú. Ohun tí àwọn òbí sábà máa ń sọ ni pé ìwà ọmọ ayé òde òní ti bàjẹ́. Èmi ò sọ pé ìwà kò lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìwà nìkan kọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé wọ́n fi ìjà àárín ẹgbẹ́ ṣe ìpìlẹ̀ géèmù yìí ni: ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n jọ ni ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá fa ìjà yẹn tu pátápátá, adùn géèmù náà á bá a lọ. Ohun tó kù fún ẹni tó ń ṣètò irú géèmù bẹ́ẹ̀ ni kó mọ ìwọ̀n ìjà tí ẹgbẹ́ lè gbé láìtúká.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ètò yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní 2002, ilé iṣẹ́ Blizzard gbé Warcraft III jáde. Nínú géèmù yẹn, ọ̀gágun ni ẹni tó ń gbá a: òun ló ni akọni, òun ló ni ọmọ ogun, òun ló ni àpò owó, òun náà ló ń kọ́lé. Blizzard fi irinṣẹ́ kan sínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ilẹ̀ ìjà tirẹ̀. Ní 2003, ẹnì kan tó ń jẹ́ Eul lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi irinṣẹ́ yìí ṣe èyí tó pè ní Defense of the Ancients, tí aráyé gé kúrú sí DotA. Steve Feak, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Guinsoo, gbé ẹ̀dà tirẹ̀ dìde. Nígbà tó di 2005, iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́ IceFrog, ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ pa mọ́ fún aráyé. Feak bá ilé iṣẹ́ Riot Games lọ, àwọn tó gbé League of Legends jáde ní oṣù kẹwàá 2009. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Valve gba IceFrog síṣẹ́, Dota 2 sì jáde ní oṣù keje 2013. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ohun tó kàn wá jù ni ohun tí àwọn aṣètò wọ̀nyí fi ọ̀gágun Warcraft ṣe. Wọ́n gé e sí márùn-ún. Wọ́n gba ọmọ ogun lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fà á lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní akọni kan péré. Wọ́n sọ àpò owó kan di àpò márùn-ún. Òfin owó orí tí wọ́n bá nínú Warcraft ni wọn ò yí padà: ẹni tó bá pa nǹkan ló ń gba owó rẹ̀. Nígbà tí àpò jẹ́ ọ̀kan, òfin yẹn kò lè dá aáwọ̀ sílẹ̀, nítorí akọni ìwọ náà ni, ọmọ ogun ìwọ náà ni, àpò ìwọ náà ni. Ìgbà tí àpò di márùn-ún ni òfin àtijọ́ yìí wá di ohun tí ọ̀rẹ́ fi ń di ọ̀tá.

Ilẹ̀ ìjà Dota 2 ní igun mẹ́rin. Ilé ẹgbẹ́ kan wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ti ẹgbẹ́ kejì wà ní igun òkè lápá ọ̀tún. Ọ̀nà mẹ́ta ló so ilé méjèèjì pọ̀, igbó wà láàárín àwọn ọ̀nà náà, odò sì dá ilẹ̀ sí méjì. Ní gbogbo ìdajì ìṣẹ́jú ni ọmọ ogun kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń darí ń tú jáde láti ilé méjèèjì, tí wọ́n ń tọ ọ̀nà wọn lọ pàdé ara wọn. Ẹ jẹ́ ká dúró ti ọ̀kan ṣoṣo nínú ti ọ̀tá. Ó ti fara gbọgbẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ kù díẹ̀. Akọni méjì láti ẹgbẹ́ wa dúró níwájú rẹ̀. Òfin sọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà á gbẹ̀yìn kó tó kú ló ni owó. Ẹni tó ti ń lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ kò rí kọ́bọ̀. Bí akọni wa bá yára jù, ọmọ ogun náà kò ní kú. Bó bá pẹ́ jù, àwọn ọmọ ogun wa tí kò lápò ló máa pa á, owó náà á sì ṣòfò. Àwọn tó wà lódì kejì náà ń ṣọ́ ọ, nítorí òfin gbà kí wọ́n fọwọ́ ara wọn pa ọmọ ogun tiwọn bí ẹ̀mí rẹ̀ bá ti dín sí ìdajì, kí owó má bàa wọ àpò wa. Deny ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ìrírí tó ń mú akọni dàgbà ní òfin tirẹ̀: gbogbo akọni wa tó bá wà nítòsí ló ń pín in láàárín ara wọn. Ìyẹn ni pé bí ọ̀rẹ́ rẹ bá kàn dúró tì ọ́, láìgbé ọwọ́ sókè, ó ti ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ. Ìdúró lásán pàápàá lè di gbèsè níbẹ̀.

Àwọn tó mọ géèmù náà dunjú ti sọ ètò yìí di oyè. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fi oyè náà pè, láti ìkíní dé ìkarùn-ún, nọ́ńbà náà kò sì tọ́ka sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù; ó ń tọ́ka sí bí owó ṣe yẹ kó kàn wọ́n tẹ̀léra. Ìkíní ni carry, ẹni tí gbogbo ilé ń bọ́ kó lè lágbára nígbẹ̀yìn. Ìkarùn-ún ni support, ẹni tí owó ń kàn kẹ́yìn. Support ló ń rìn wọ inú òkùnkùn lọ ri ward mọ́lẹ̀, ìyẹn ojú tí ẹgbẹ́ fi ń rí ibi tí ọ̀tá bá sá pa mọ́ sí. Òun ló ń lé àwọn ará ọ̀hún sẹ́yìn kí carry lè ráyè pa ọmọ ogun. Nígbà míì, ó ń kú kí carry lè sá là. Àwọn baba wa ní àáró: lónìí a jọ ro oko tìrẹ, lọ́la a jọ ro tèmi, ẹni tó bá sì jẹ àáró tí kò san án, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Nínú Dota 2, oko ẹnì kan ni wọ́n ń ro láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sí ọjọ́ tó máa kan ti support. Gbogbo ohun tó ń retí ni pé bí oko yẹn bá yè, ilé á jẹun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyà ta ni? Ìbéèrè yìí ni àwọn ọmọ ń bú ara wọn lé lórí.

Ẹnì kan lè sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù rí. Ẹnì kan ló ń gbá a sáwọ̀n, òun ni wọ́n ń gbé sórí èjìká, síbẹ̀ adènà kì í tìtorí ìyẹn jà láàárín pápá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n góòlù tí agbábọ́ọ̀lù jẹ kì í sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di irin kí eré tó parí. Ìyìn ló gbà, kò gba agbára. Nínú Dota 2, owó ló ń di agbára lójú ẹsẹ̀. Carry tó bá rí owó ra Black King Bar yóò lè dúró fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kan láàárín ogun tí oògùn ọ̀pọ̀ ọ̀tá kò ní ràn án. Carry tí kò rí i rà, orí ìdúró ni wọ́n máa pa á sí. Bí ẹnì kan bá kú, ó tún ń pàdánù nínú owó tó ti kó jọ, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ nínú League of Legends. Nítorí náà, bí support bá ṣèèṣì pa ọmọ ogun kan tí kò yẹ kó pa, kì í ṣe ìyìn ló gbà lọ́wọ́ carry. Apá kan nínú ohun ìjà tí gbogbo wọn máa fi jà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i ló gbà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ kí ẹnu má sọ̀rọ̀?

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní ìwà ni, kì í ṣe ètò. Wọ́n ní ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé kò ní bú ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí òfin owó wí. Riot Games náà kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2011, wọ́n dá ilé ẹjọ́ kan tí wọ́n pè ní Tribunal sílẹ̀ fún League of Legends, níbi tí àwọn tó ń gbá géèmù náà ti ń ka ẹjọ́ tí wọ́n bá fi ẹlẹ́gbẹ́ wọn sùn, tí wọ́n sì ń dìbò bóyá kó jìyà tàbí kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti ilé ẹjọ́ náà pa ní 2014. Nígbà tí Jeffrey Lin, tó darí iṣẹ́ ìwádìí ìwà níbẹ̀, ń sọ̀rọ̀ ní gbangba nípa ohun tí wọ́n rí, ó ní díẹ̀ ni èébú tó ti ọwọ́ àwọn oníwàkiwà paraku wá. Ọwọ́ àwọn ènìyàn gidi, tí wọn kì í ṣàṣejù lọ́jọ́ mìíràn, ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Lójú tèmi, ẹ̀rí ńlá nìyẹn. Bí ènìyàn jẹ́jẹ́ bá dé ibì kan tó di oníjà, tó kúrò níbẹ̀ tó tún di jẹ́jẹ́, ibẹ̀ ló yẹ ká lọ yẹ̀ wò. Ní oṣù kẹwàá 2021, Riot gba ẹnu lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá: wọ́n pa ibi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ti àárín ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi bò pé èébú wà níbẹ̀ náà, pé ẹgbẹ́ kò kàn lè ṣe láìsọ̀rọ̀ ni. Ọ̀tá ṣeé pa lẹ́nu mọ́ láìná wọn ní nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ kò ṣeé pa lẹ́nu mọ́.

Bó bá wá jẹ́ pé òfin owó ló ń dá ìjà sílẹ̀, kí ló dé tí wọn ò pa òfin náà rẹ́? Ẹnì kan ti gbìyànjú rẹ̀, ẹni náà kì í sì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kẹfà 2015, Blizzard, tó ni Warcraft III tí DotA tinú rẹ̀ jáde, gbé géèmù tirẹ̀ dé, Heroes of the Storm. Níbẹ̀, kò sí owó orí ọmọ ogun, kò sí ọjà tí akọni ti ń ra ohun ìjà. Ìrírí jẹ́ ti ẹgbẹ́ lápapọ̀: bí ẹnì kan bá dàgbà, gbogbo wọn ni wọ́n jọ dàgbà. Kò sí carry tí ilé ń bọ́, kò sí support tí ebi ń pa. Ẹni tó bá ka òfin rẹ̀ sórí ìwé á rò pé alàáfíà ti dé. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbá a dáadáa kò lè fi ohunkóhun hàn pé òun gbá a dáadáa, nítorí ohun tó jèrè ti wọ àpò àjọni. Ẹni tí kò gbá a dáadáa kò rí ibi tó ti ń jo. Ìjà kò tán, ó kàn ṣí kúrò nídìí owó lọ sídìí ẹ̀sùn: ta ló ń fà wá sẹ́yìn? Ní oṣù kejìlá 2018, Blizzard kó ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí géèmù náà lọ síbòmíràn, wọ́n sì fòpin sí ìdíje àgbáyé rẹ̀. Mi ò fẹ́ gùn ún lọ́rùn jù: ó pẹ́ dé ọjà, League ti lo ọdún márùn-ún ó lé níbẹ̀, Dota 2 sì ti lo bí ọdún méjì. Pípẹ́ dé ọjà nìkan ti tó pa ọ̀pọ̀ géèmù. Síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù gan-an ń ráhùn pé ènìyàn kan ṣoṣo kò lè yí ìjà padà níbẹ̀, ìráhùn yẹn sì tinú òfin àjọpín wá tààrà.

Àwọn tó yè lọ́jà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi owó orí sílẹ̀ fún ẹni tó bá pa nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìyà tí kò ládùn kúrò lọ́rùn support. Nígbà tí 2013 ń lọ sópin, League of Legends fún gbogbo ènìyàn ní ward ọ̀fẹ́, wọ́n sì fi ààlà sí iye tí ẹnì kan lè rì mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, owó díẹ̀ tí support rí ló fi ń ra ojú fún ilé, tí kì í sì í kù tó ohun tó máa rà fún ara rẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni Relic Shield dé, ohun ìjà tó jẹ́ pé bí support bá fi pa ọmọ ogun, owó rẹ̀ á kan òun, á sì kan ẹnì kejì rẹ̀ ní kíkún. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ìwà kan náà tó jẹ́ olè jíjà lánàá di ìrànlọ́wọ́ lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wàásù fún ọmọ kankan. Dota 2 pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, lẹ́yìn tí àṣekágbá ìdíje The International ọdún náà ti yára parí ju bí àwọn òǹwòran ṣe fẹ́, wọ́n tún owó orí akọni ṣe kí ẹgbẹ́ tálákà tó bá pa olówó lè gba owó gọbọi, kí àwọn tó wà nítòsí náà sì rí nǹkan. Wọ́n fi iyọ̀ sí i jù. Ẹgbẹ́ tó ń borí wá ń bẹ̀rù owó ara rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dín in kù. Ti ẹranko arìnrìn-àjò tó ń kó ọjà wá fún akọni ló dùn mọ́ mi jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ sábà máa ń ní, ẹni márùn-ún sì ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan á rán an lọ, ẹlòmíràn á dá a padà lójú ọ̀nà. Ní oṣù kọkànlá 2019, Valve fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ìjà yẹn kú lọ́jọ́ kan, ẹnikẹ́ni kò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, nítorí kò fi ọgbọ́n kankan kún géèmù náà. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí aṣètò mọ̀ nìyẹn: ìjà kan wà tó ń bi ènìyàn pé kí ló yẹ ká ṣe, òmíràn wà tó kàn ń gba àkókò.

Àwọn mìíràn ní kí wọ́n fi òfin pín iṣẹ́, kí gbogbo ariwo lè tán. Overwatch, géèmù Blizzard mìíràn, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019: ẹni méjì aládàábòbò, ẹni méjì apani, ẹni méjì olùwòsàn, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Wọ́n ní ìdí gidi, nítorí ẹgbẹ́ aládàábòbò mẹ́ta àti olùwòsàn mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní GOATS, ti gba gbogbo ìdíje kan. Kí ló wá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ogunlọ́gọ̀ fẹ́ jẹ́ apani, ìwọ̀nba ló fẹ́ jẹ́ aládàábòbò, ìlà àwọn apani sì gùn débi pé ní 2020 Blizzard ń fún àwọn tó bá gba iṣẹ́ tí kò wu ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti tètè wọlé nígbà mìíràn. Nígbà tí Overwatch 2 dé ní oṣù kẹwàá 2022, wọ́n dín aládàábòbò kù sí ẹyọ kan. Òfin lè sọ pé kí iṣẹ́ kan wà. Kò lè sọ ọ́ di ohun tó wu ènìyàn. Dota 2 náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ènìyàn yan iṣẹ́ rẹ̀ kó tó wọlé ní 2019, ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, kò sí òfin tó ní akọni báyìí kò gbọdọ̀ gba owó. Ọdún yẹn gan-an ni èrè rẹ̀ fojú hàn. Níbi The International tó wáyé ní Shanghai, ẹgbẹ́ OG fún carry wọn, tó ń jẹ́ ana, ní akọni kan tó ń jẹ́ Io: ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń so ara rẹ̀ mọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, tó ń wò ó sàn, support tí gbogbo ayé mọ̀ sí support. Wọ́n fún un lówó bí ẹni pé carry ni, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ náà lẹ́ẹ̀kejì tẹ̀léra. Bí òfin bá ti de Io mọ́ ipò ìwòsàn, ta ni ìbá rí i?

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ gbójú fò. Lórí pápá Dota 2, owó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdíje, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń san ẹ̀bùn fún. Nítorí náà ni Johan Sundstein ará Dẹ́ńmáàkì, tí wọ́n ń pè ní n0tail, tó jẹ́ balógun OG nígbà yẹn àti support wọn ní ipò ìkarùn-ún, fi ọ̀pọ̀ ọdún wà lókè pátápátá nínú àwọn tó tíì rí owó ẹ̀bùn jù lọ nídìí ìdíje géèmù lágbàáyé: owó tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méje dọ́là. Ẹni tí kò rówó ra bàtà fún akọni rẹ̀ ló lówó jù nígbà tí wọ́n pa kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹni márùn-ún tó bá ti ṣàdéhùn pínpín síta kí wọ́n tó wọlé kò ní fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn jà nítorí ọmọ ogun kan. Àwọn àjèjì márùn-ún tí kọ̀ǹpútà kó pọ̀ láàárín òru kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Òfin inú géèmù nìkan ni wọ́n ní, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí òfin náà dára fún wọn ju fún àwọn ọ̀gá lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bá wí. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ Maliyo Games ti ń ṣe géèmù láti 2012, ọ̀nà náà kò sì dí mọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ géèmù ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ tó ya idà, kí ẹ tó wọ akọni kankan láṣọ, ẹ kọ ọ́ sórí bébà: bí ọmọ ogun kan bá kú, ta ló lowó, ta ló jìyà, ta ló sì rí i pé òun ló ṣe é? Ẹ pe ẹni márùn-ún jókòó yí tábìlì ká, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe owó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òfin yín ṣeré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí wọn ò bá jiyàn rárá, ẹ tún òfin náà kọ. Bí ẹnì kan bá bínú dìde kúrò nídìí tábìlì, ẹ tún un kọ pẹ̀lú.